Ilé Ìgbẹ̀bí Tí Ẹnìkan Ò Gbọdọ̀ Bímọ Sí

Ẹnu ló fi wọ iṣẹ́, ẹnu náà ló sì fi jáde níbẹ̀. Ìyá Ẹlẹ́nu ni gbogbo ayé ń pe obìnrin yìí, àtàwọn tó fẹ́ràn ẹ̀, àtàwọn tó jẹ́ pé bí wọ́n bá rí i lókèèrè, wọ́n á yà bàrá. Agbálẹ̀ ni ní ilé ìwòsàn kékeré kan. Lọ́jọ́ tó wá wáṣẹ́, akọ̀wé bi í pé ṣé ó mọ̀wé. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ìwé lẹ fẹ́ kí n máa gbá ni, àbí ilẹ̀?" Akọ̀wé rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀, ló bá gbé ìgbálẹ̀ lé e lọ́wọ́. Títí ó fi pé ọdún kọkàndínlógún, kò gbé ìgbálẹ̀ náà sílẹ̀.

Ọkọ ẹ̀ ti kú kó tó débẹ̀. Ọmọ kan ṣoṣo lọkùnrin náà fi sílẹ̀ fún un, obìnrin, ó dú bíi kóró iṣin, ó ń dán. Adúmáadán ni wọ́n ń kì í, Adú ni wọ́n ń pè é. Ibi tí wọ́n ti ń gbálẹ̀ ẹ̀jẹ̀ àti eébì ni ìyá ẹ̀ ti rówó kọ́ ọ ní iṣẹ́ aṣọ rírán, tó fi rí ẹ̀rọ ìránṣọ rà fún un, tó fi fún káfíńtà kan tó mọ́wọ́ mọ́sẹ̀ lọ́kọ. Ẹnu tí Adú ní, ẹ má bi mí níbi tó ti jogún ẹ̀.

Ẹ jẹ́ n sọ bí wọ́ọ̀dù ìgbẹ̀bí ilé ìwòsàn yẹn ṣe rí. Bẹ́ẹ̀dì méjì péré ló wà níbẹ̀. Ọ̀kan ò ní ẹsẹ̀ kan, bíríkì ni wọ́n fi tì í. Páànù orí ẹ̀ ń jò, bí òjò bá ti ń bọ̀, ike ni wọ́n ń kọ́kọ́ gbé, kì í ṣe aláboyún. Ẹni tó bá fẹ́ bímọ níbẹ̀, á gbé omi ẹ̀ dání, á gbé ìbọ̀wọ́ dání, á gbé abẹ tí wọ́n máa fi gé ìwọ́ dání, á gbé tọ́ọ̀ṣì dání. Ìyá Ẹlẹ́nu a máa sọ fún wọn lẹ́nu ọ̀nà pé, "Ẹ ṣì gbàgbé nǹkan kan o. Nọ́ọ̀sì yín dà?"

Rọ́bà kan wà níbẹ̀, ó tó ọsàn kan lásán. Òun ni nọ́ọ̀sì máa ń gbé lé ọmọ tuntun nímú àti lẹ́nu, á máa fún un, kó lè fẹ́ atẹ́gùn sínú ọmọ tó bá jáde tí kò mí. Rọ́bà náà ti ya láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Nọ́ọ̀sì tí wọ́n ń pè ní Tínrín, torí pé bó bá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgbálẹ̀, èèyàn ò ní mọ èwo lèwo, ti kọ lẹ́tà lẹ́ẹ̀mẹ́ta láti fi bèèrè òmíràn. Lẹ́tà lọ, èsì ò bọ̀. Rọ́bà tó tó ọsàn!

Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn wọ́ọ̀dù yẹn gan-an, bí ẹ bá ka ìṣísẹ̀ ogójì, ilé ìgbẹ̀bí tuntun wà níbẹ̀. Ìjọba ló kọ́ ọ, àwọn aláàánú láti òkè òkun bá wọn dá sí i. Àrímáleèlọ nilé náà. Táìlì tó ń dán bí omi ló wà nílẹ̀ ẹ̀, bẹ́ẹ̀dì mẹ́fà tó ní táyà lẹ́sẹ̀, ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ kan fún ẹni tí kò lè mí, tó ga tó fíríìjì, sólà lórí òrùlé, ẹ̀rọ omi tó ń kọ mọ̀nà. Gbogbo ẹ̀ wà nínú ọ̀rá, bí wọ́n ṣe kó o dé. Wọn ò gbọ́dọ̀ lò ó. Ọ̀gá Pátápátá láti ilé iṣẹ́ ìlera gbọ́dọ̀ wá gé rìbọ́ọ̀nù kí ẹnikẹ́ni tó ṣẹ́jú níbẹ̀.

Ọ̀gá Pátápátá yìí, ẹnìkan ò rí i rí. Bí wọ́n bá dá ọjọ́, wọ́n á kun ilé, wọ́n á gbé kánópì, wọ́n á to àga, wọ́n á kó ọmọ iléèwé sínú oòrùn. Bó bá di ọ̀sán, lẹ́tà á dé pé ọwọ́ Ọ̀gá dí. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni wọ́n kun ilé náà. Wọ́n kọ́kọ́ kùn ún ní funfun. Wọ́n ní funfun ń gba ìdọ̀tí, wọ́n kùn ún láwọ̀ ewé. Wọ́n ní àwọ̀ ewé ò wu Ọ̀gá, wọ́n kùn ún láwọ̀ ojú ọ̀run. Ìyá Ẹlẹ́nu bi akunlé pé, "Ẹni tí ò wá rí, ojú wo ló fi rí àwọ̀ ewé tí kò fi wù ú?" Akunlé ní, "Ìyá, ẹ jẹ́ n kunlé mi." Ó ní, "Kùn ún, ọmọ mi, kùn ún. Ọ̀dà yẹn ló ń gbẹ̀bí fún wa."

Ṣùgbọ́n ta ló ń bá wọn tọ́jú ilé náà? Òun náà ni. Gbogbo Ọjọ́bọ̀, Ìyá Ẹlẹ́nu á bọ́ bàtà sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, á wọlé, á nu bẹ́ẹ̀dì tí èèyàn ò sùn lé rí, á nu táìlì tí ẹnìkan ò tẹ̀, á fi aṣọ tútù nu ọ̀rá tó bo ẹ̀rọ. Kọ́kọ́rọ́ àgádágodo ilé náà wà lókùn nídìí ẹ̀, ó ń ró wọ́nwọ́n bó bá ń rìn. Ẹ má purọ́ fún ara yín, inú ẹ̀ dùn sí kọ́kọ́rọ́ yẹn. Agbálẹ̀ tó di onílé! Bí ọmọdé kan bá fẹsẹ̀ ẹrẹ̀ tẹ àtẹ̀gùn ibẹ̀, á fi igbe lé e dé ìta. Ìgbéraga kékeré yẹn ló ṣe é ní nǹkan tí ẹnu ẹ̀ ò lè fi ṣeré láé.

Lọ́dún tó kọjá, Adú wá bí àkọ́bí ẹ̀ ní wọ́ọ̀dù àtijọ́. Ilé tuntun ti wà ní títì fún oṣù márùn-ún nígbà yẹn. Ọmọ náà jáde, ọkùnrin ni, ó rí bọ̀lọ̀jọ̀, ṣùgbọ́n kò ké. Tínrín gbá a látẹ́lẹsẹ̀, ó fi aṣọ ra á lẹ́yìn, ó gbé rọ́bà, rọ́bà ń fẹ́ atẹ́gùn gba ibi tó ti ya. Ló bá sáré jáde sí Ìyá Ẹlẹ́nu tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà tó ń gbàdúrà.

"Ìyá, ẹ ṣílé tuntun! Rọ́bà méjì wà níbẹ̀ nínú páálí! Ẹ yára!"

Kọ́kọ́rọ́ wà nídìí obìnrin yìí. Ìṣísẹ̀ ogójì ni. Ẹ mọ nǹkan tó wí? Ó ní, "Wọ́n ní ká má ṣí i. Ẹ jẹ́ n lọ bi Ọ̀gá Nọ́ọ̀sì." Ló bá sáré lọ, ó gba iwájú lọ, kò gba ẹ̀yìn. Ọ̀gá Nọ́ọ̀sì wà nípàdé. Ìpàdé kí ni? Ìpàdé bí wọ́n ṣe máa ṣí ilé tuntun. Wọ́n ní kó dúró díẹ̀, ó dúró. Ìgbà tó fi gba àṣẹ tó padà, Tínrín ti fi aṣọ bo ọmọ lójú.

Ẹlẹ́nu tó máa ń dá ọlọ́pàá lóhùn, tó máa ń sọ ọ́ sí dókítà lójú! Lọ́jọ́ tó yẹ kó ya aláìgbọràn, ọjọ́ yẹn gan-an ló rántí pé wọ́n ń fún òun láṣẹ.

Àtìgbà náà ni Adú ò ti bá a sọ̀rọ̀ bí ọmọ ṣe ń bá ìyá sọ̀rọ̀ mọ́. Bó bá wá sí ṣọ́ọ̀bù, Adú á máa wa ẹ̀rọ ìránṣọ lọ, kò ní gbójú sókè. "Ẹ káàbọ̀, Màámi onílé tuntun. Ṣé àwọn bẹ́ẹ̀dì yín wà dáadáa? Ṣé eruku ò yọ wọ́n lẹ́nu?" Lọ́jọ́ kan ló sọ èyí tó wọ ìyá ẹ̀ lára jù. Ó ní, "Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ̀yin wà lọ́jà o, Màámi. Kọ́kọ́rọ́ sì wà nídìí yín."

Ìyá ò fèsì. Ẹ gbọ́ mi, Ìyá Ẹlẹ́nu ò fèsì.

Adú tún lóyún. Ó búra pé dípò kóun padà sí wọ́ọ̀dù ọjọ́sí, òun á kúkú bí i sórí ẹ̀rọ ìránṣọ. Ọkọ ẹ̀ bẹ̀ ẹ́, kò gbọ́. Ìlú kejì ló fẹ́ lọ bí i sí, ó ti di ẹrù sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ ló ń yan ọjọ́, kì í ṣe ìyá. Ọ̀sán Ọjọ́rú kan, omi oyún ẹ̀ ya lójijì nígbà tó ń bá oníbàárà wọn aṣọ. Ìlú kejì jìnnà. Káfíńtà gbé e sórí alùpùpù nínú òjò tó ń rọ̀ bí ẹni ń fi agbada da omi, ó di ilé ìwòsàn.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni wọ́n tún dá ọjọ́ pé Ọ̀gá Pátápátá ń bọ̀, ní Jímọ̀. Wọ́n ti ta rìbọ́ọ̀nù pupa sẹ́nu ọ̀nà ilé tuntun láti àárọ̀.

Bẹ́ẹ̀dì méjèèjì wọ́ọ̀dù lèèyàn wà lórí ẹ̀, òjò sì ń dà sórí ẹni tó wà lórí oníbíríkì. Orí bẹ́ǹṣì ni Adú jókòó sí, ó di ògiri mú, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó rí ìyá ẹ̀ tó ń bọ̀ pẹ̀lú ìgbálẹ̀.

"Ẹ má fọwọ́ kàn mí," ó ní.

"Adú mi."

"Mo ní ẹ má fọwọ́ kàn mí! Ẹ lọ nu bẹ́ẹ̀dì yín."

Ìyá Ẹlẹ́nu dúró. Ó wo ọmọ, ó wo omi òjò tó ń kán tó-tó-tó sórí bẹ́ǹṣì, ó wo kọ́kọ́rọ́ tó wà nídìí ẹ̀. Ó sọ ìgbálẹ̀ sílẹ̀ gbà-á. "Káfíńtà! Bọ́ sápá òsì ẹ̀. Tínrín, gbé àpótí ẹ. Ó yá."

"Níbo, Ìyá?" ni Tínrín bi í.

"Ibi tó yẹ kí n mú wa lọ lọ́dún tó kọjá."

Wọn ò tíì dé ibẹ̀ tí Ọ̀gá Nọ́ọ̀sì fi já sí wọn níwájú, agboòrùn lọ́wọ́, ó dúró gbagidi lórí àtẹ̀gùn bí aṣọ́bodè.

"Níbo lẹ̀ ń gbé e lọ?"

"A fẹ́ lọ rẹ́rìn-ín nínú ilé," ni Ìyá Ẹlẹ́nu wí. "Ẹ yà lọ́nà, mà."

"Orí ẹ yí ni? Ọ̀tunla ni ṣíṣí! Bí ẹ̀jẹ̀ bá kan bẹ́ẹ̀dì yẹn, kí lo fẹ́ kí n wí fún wọn?"

"Ẹ sọ fún wọn pé wọ́n bímọ níbẹ̀. Ilé ìgbẹ̀bí kọ́ ni? Àbí ilé ìkunlé?"

"Má fojú di mí o! Ọ̀gá tó wà níbí kí n tó dé, bẹ́ẹ̀dì kan ṣoṣo ló mú lò nínú ẹrù mìíràn tí wọn ò tíì ṣí. Ìlú jíjìn tí wọ́n gbé e lọ ṣiṣẹ́, ọdún kẹrin nìyí, kò tíì rí ọmọ ẹ̀ sójú. Èmi náà lọ́mọ."

Òótọ́ ló sọ, ẹ̀rù ló bà á. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù tirẹ̀ dúró lórí àtẹ̀gùn lábẹ́ agboòrùn, Adú sì ń rúnra nínú òjò.

"Ẹ lọ́mọ," ni Ìyá Ẹlẹ́nu wí. "Èmi náà ní. Ẹ sọ òkò sọ́jà lọ́dún tó kọjá, mo bá yín sọ ọ́. Ara ilé mi ló bà. Lónìí, ẹ yà, mà, kí n má baà fi yín ṣe àtẹ̀gùn."

"Màá lé ẹ níṣẹ́!"

"Ẹ lé mi. Ẹ kàn kọ́kọ́ yà."

Ó fi èjìká tì í. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ gba abẹ́ rìbọ́ọ̀nù, ó tú kọ́kọ́rọ́, àgádágodo ṣí kẹ́. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ó wọ ilé náà láìbọ́ bàtà. Ẹrẹ̀ ẹsẹ̀ ẹ̀ tẹ táìlì pàtàpàtà, kò bojú wẹ̀yìn.

Ẹ wá gbọ́ bí ilé àrímáleèlọ ṣe ṣe é. Wọ́n fa ọ̀rá ya lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n gbé Adú sí i. Tínrín tẹ iná, iná ò tàn. Bátìrì sólà tí ẹnìkan ò lò láti ọdún kan àti oṣù márùn-ún ti kú síbi tó wà. Ó ṣí ẹ̀rọ omi tó ń kọ mọ̀nà, ẹ̀rọ omi sín lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́. Wọn ò so ó mọ́ táǹkì kankan! Ìyá Ẹlẹ́nu ti nu ẹ̀rọ omi yẹn ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, kò ṣí i wò rí. Tínrín tẹ ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ tó ga tó fíríìjì, kò tiẹ̀ tú itọ́. Bó ṣe rí níta náà ló rí nínú: ọ̀dà.

"Ṣé nǹkan tẹ́ ẹ torí ẹ̀ jẹ́ kọ́mọ mi kú nìyí?" ni Adú wí láàárín ìrora. Kò pariwo. Bó bá pariwo ni, ì bá sàn.

Ọmọ ò dúró de àlàyé. Káfíńtà gbé ike omi òjò wọlé, Ìyá Ẹlẹ́nu ṣí fèrèsé kí ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán lè wọlé, Tínrín fọwọ́ gba ọmọ. Obìnrin ni. Ó jáde, ara ẹ̀ ń yí sí àwọ̀ aró, kò ké.

Bíi tọjọ́sí gẹ́lẹ́.

"Ìyá!" ni Tínrín wí.

Kó tó pe é tán, Ìyá Ẹlẹ́nu ti wà nídìí páálí. Bí wọ́n tiẹ̀ fi aṣọ dì í lójú, yóò mọ ibi tó wà: selífù kẹta, lẹ́yìn àpótí òwú, páálí kékeré tó máa ń fi ìka méjì nù torí pé kò tó nǹkan. Ó fi eyín ya á. Rọ́bà tó tó ọsàn bọ́ sí i lọ́wọ́. Tínrín gbé e lé ọmọ nímú àti lẹ́nu, ó fún un, ó tú u sílẹ̀. Ó fún un, ó tú u sílẹ̀. Àyà kékeré yẹn wú, ó wọlẹ̀. Káfíńtà ti kọjú sí ògiri, kò lè wò. Ó fún un, ó tú u sílẹ̀. Ẹnìkan ò gbàdúrà níbẹ̀, ẹnìkan ò pe àṣẹ, ìró rọ́bà nìkan ni, fúù, fúù.

Ọmọ sín. Ó yọ igbe kan tó dà bíi ti ológbò tí wọ́n tẹ̀ nírù mọ́lẹ̀. Igbe kejì le jùyẹn lọ. Ìkẹta, Ìyá Ẹlẹ́nu ní, "Háà, ẹnu tiwa ni."

Nínú gbogbo ilé yẹn, pẹ̀lú táìlì ẹ̀, pẹ̀lú sólà ẹ̀, pẹ̀lú ọ̀dà ẹ̀ onípele mẹ́ta, rọ́bà tó tó ọsàn nìkan ló ṣiṣẹ́. Irú èyí tí wọ́n kọ lẹ́tà torí ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, tí wọn ò rówó rà fún wọ́ọ̀dù àtijọ́.

Ìyá Ẹlẹ́nu na ọwọ́ sí ọmọ náà. Adú gbé e pa mọ́ra. "Rárá, Màámi," ó ní. Ojú ẹ̀ wà lára kọ́kọ́rọ́ tó rọ̀ sídìí ìyá ẹ̀.

Níta, Ọ̀gá Nọ́ọ̀sì ń lọgun. Kí wọ́n jáde kíákíá, kí wọ́n nu ẹ̀jẹ̀, kí wọ́n wá ọ̀rá mìíràn bo bẹ́ẹ̀dì, kí wọ́n ti ilẹ̀kùn kó tó di Jímọ̀. "Mú kọ́kọ́rọ́ wá!"

Ìyá Ẹlẹ́nu jáde sí i. Ó yọ àgádágodo lára ilẹ̀kùn, ó tú okùn ìdí ẹ̀, ó di méjèèjì mọ́wọ́. Kò fún un. Ó kọjá lára ẹ̀ gbọnrangandan, ó gba ẹ̀yìn ilé, ó lọ sí ṣáláńgá àwọn òṣìṣẹ́. Gbogbo èèyàn gbọ́ ìró ẹ̀ nísàlẹ̀: pọ̀ọ̀. Ó padà wá, ó nu ọwọ́ sí aṣọ.

"Ó ti wọlé sáwọn ẹgbẹ́ ẹ̀," ó ní. "Ẹni tó bá fẹ́ kó lọ mú un. Ẹ tún lè kọ lẹ́tà sí i."

Ọjọ́ yẹn ni wọ́n lé e. Ọdún mọ́kàndínlógún, ìwé pélébé kan tí kò lè kà. Ó ní kí Tínrín kà á fún òun, Tínrín ń sunkún, kò lè kà á délẹ̀. "Jẹ́ kó wà," ó ní. "Mo mọ ohun tó wí. Ìwọ ṣáà gbé rọ́bà kan yẹn kọ́ sórí ìṣó ní wọ́ọ̀dù àtijọ́, kó o fi èkejì sílẹ̀ nílé tuntun. Bí wọ́n bá bi ẹ́, ní èmi ni mo jí i."

Jímọ̀ pé. Kánópì dé, àga dé, oòrùn pa ọmọ iléèwé. Ọ̀sán pọ́n, lẹ́tà dé. Ọwọ́ Ọ̀gá Pátápátá dí. Wọ́n á tún dá ọjọ́ mìíràn.

Àwọn obìnrin ò dá ọjọ́ ní tiwọn. Wọ́n ti gbọ́ pé ilẹ̀kùn ò ní àgádágodo mọ́. Kí Ọ̀gá Nọ́ọ̀sì tó rí ẹni kọ̀wé béèrè òmíràn, àwọn mẹ́rin ti bímọ níbẹ̀. Ẹnìkan ò sì láyà láti tú rìbọ́ọ̀nù, torí Ọ̀gá Pátápátá ló gbọ́dọ̀ gé e. Bẹ́ẹ̀ náà ló wà níbẹ̀, pupa, ó ta kọjá lẹ́nu ọ̀nà. Aláboyún á dé, á di ikùn mú, á bẹ̀rẹ̀, á gba abẹ́ ẹ̀ wọlé.

Ìyá Ẹlẹ́nu gbọ́ èyí nílé, ó bú Ọ̀gá Pátápátá, ó bú ìyá tó bí i, ó bú akunlé mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà ló wọṣọ, ó lọ sí ilé káfíńtà.

Adú jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ọmọ wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀. Kò kí i. Ó kọ́kọ́ wo ìdí ìyá ẹ̀. Okùn ò sí níbẹ̀.

"Wọ́n lé yín lóòótọ́?"

"Wọ́n lé mi."

"Kọ́kọ́rọ́ ńkọ́?"

"Ó wà nínú ìgbẹ́ Ọ̀gá Nọ́ọ̀sì."

Adú fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò gbà fún ara ẹ̀. Ó mójú kúrò, ó wo títì. Inú tó bí i ò tíì tán, kò sì ní tán lóṣù yìí, bóyá kò ní tán láé. Ọmọ kan wà nínú ilẹ̀ tí àgádágodo inú ṣáláńgá ò lè jí. Ìyá ẹ̀ náà mọ̀. Kò bẹ̀ ẹ́. Ó dúró sójú kan, ọwọ́ ẹ̀ méjèèjì ṣófo, ẹnu ẹ̀ pàápàá ṣófo.

Ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Adú gbé e, ó nà án síwájú, kò wo ojú ìyá ẹ̀.

"Ẹ gbà á," ó ní. "Ẹ di orí ẹ̀ mú."